Kí Ló Dé Tí Ẹja Ò Wọ Ọgbà Wa Mọ́

Kraten, erékùṣù Kerkennah, Tùnísíà
3 Bélú, 2003

Najet ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ẹ o, kí Ọlọ́run rọ òtútù ibẹ̀ lójú fún ẹ. Àwẹ̀ ń lọ dáadáa. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀. Etí mi ò gbọ́ tẹlifóònù mọ́ rárá. Lọ́jọ́ tó o pè, ohùn rẹ ń dún bí eṣinṣin nínú ìgò, ni ìyá rẹ bá ń pariwo ohun tó o sọ sí mi létí, títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé o ti ra bàtà. Lẹ́tà ni kó o máa kọ.

Èyí tó o kọ kẹ́yìn ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo ní bóyá ojú mi ni. O ní o ti fi ẹ̀kọ́ ẹja àti omi òkun sílẹ̀, pé ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ọmọ èèyàn lo fẹ́ ṣe báyìí, èyí tí wọ́n da ìtàn, òfin, ọrọ̀ ajé àti àṣà pọ̀ mọ́ra wọn. Najet, ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn àbí ọbẹ̀? Ta ni kò mọ èèyàn? Èmi tí mo jókòó sí Kraten yìí mọ̀ wọ́n, mi ò sì wọ bàálù kí n tó mọ̀ wọ́n.

Òkun ni mi ò mọ̀ mọ́. Ọdún méjì rèé tí ẹja ò wọ ọgbà tá a fi ń pa ẹja. À ń ri imọ̀ ọ̀pẹ mọ́lẹ̀ nínú omi bí bàbá mi ṣe ń ri í, à ń na apá ọgbà, à ń dẹ ìgèrè sí ìparí rẹ̀. Òkun á kún, òkun á fà, màá wa ọkọ̀ lọ, màá gbé ìgèrè sókè: akàn méjì àti koríko omi. Nítorí òkun ni mo ṣe jẹ́ kó o lọ. Gbogbo ohun tí ìlú yìí sọ nípa bàbá tó rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sókè òkun, mo gbé e mì. Mo ní ọmọ mi ń lọ kọ́ ìmọ̀ ẹja bọ̀.

O ní ilé ìwé ń fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé kan kó tó di ìparí Òkúdù pé mo gbà kó o yí ẹ̀kọ́ padà, torí pé ẹ̀kọ́ ẹja ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún ẹ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mi ò fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀kọ́ tuntun yìí bá lórí, tó nídìí, kó sọ ìdí tí ẹja ò fi wọ ọgbà mi. Bí kò bá lè sọ ọ́, padà sídìí ẹja rẹ, tàbí kó o máa bọ̀ nílé.

Fi ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Bàbá rẹ, Khemaies


Montreal
29 Bélú, 2003

Bàbá mi,

Mo fẹnu ko orí yín àti ọwọ́ Màmá. Ẹ kú ọdún ìtúnu àwẹ̀. Níbí, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ Tùnísíà mẹ́ta kan la jọ se kuskus. Ẹja tó wà nínú rẹ̀ ò dùn. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún lórí abọ́.

Bàbá, ẹ pe ẹ̀kọ́ mi ní ọbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ẹja tí Màmá máa ń sè fún yín, irú ẹja mélòó ló ń wà nínú rẹ̀? Èyí tó ní irú ẹja kan ṣoṣo, ẹ kì í jẹ ẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kàn bá ọ̀rẹ́ mi kan wọ kíláàsì náà lọ́jọ́ kan ni. Olùkọ́ mẹ́rin ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ìlú kan wà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí àárín rẹ̀, omi rẹ̀ dùn, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìlú náà ṣì ń rin ìrìn wákàtí kan lọ sódò. Kí ló dé? Olùkọ́ ọrọ̀ ajé ní kì í ṣe owó. Ti òfin ní kò sẹ́ni tó lé wọn nídìí kànga. Ti ìtàn ní kò sí ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Gbogbo wa ń méfò. Ọmọbìnrin kan láti Kẹ́ńyà ló wá béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń rí lódò?" Ìyá wọn ni wọ́n ń rí. Wọ́n ti fẹ́ wọn kúrò nílé, ọkọ kì í jẹ́ kí wọ́n lọ kí ìyá wọn, ẹnu iṣẹ́ omi nìkan ni wọ́n ti lè fojú kan ara wọn. Kò sí ẹni tó lè rí i bó bá dúró sójú kan. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti ń yà mí lẹ́nu. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, màá máa wò ó pé kí ló dé tí àwọn arúgbó fi ń jókòó sápá ọ̀tún.

Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ wa ogún ni òkun, pé bàbá máa ń pín ojú omi fún ọmọ bí ẹni pín oko. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Inú mi dùn, torí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi náà ò béèrè rí pé báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ẹ má bínú, ẹ bá mi dáhùn. Nígbà ayé Bàbá àgbà, ta ló ń kọ́ ọgbà? Ọgbà ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́? Ta ló ti ní ọgbà tẹ́lẹ̀ tí kò kọ́ mọ́? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ọmọ yín, Najet


Kraten
20 Ọ̀pẹ̀, 2003

Najet,

Ìbọ̀sẹ̀ dé. Ìyá rẹ wọ̀ ọ́ sùn, ó wọ̀ ọ́ jí, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Mo ní kó o sọ ìdí tí ẹja ò fi wọlé, ìwọ ń bi mí ní ìtàn bàbá mi. Ṣé Bàbá àgbà ló kó ẹja lọ ni? Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ò lè jáde, mo sì jókòó lásán. Ó dáa, gbọ́.

Ọkùnrin kan ti ọ́fíìsì kan wá lọ́dún tó kọjá. Ó ti nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ omi, ó ní omi ti gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé omi Hamadi ò gbóná ni, torí Hamadi tí ọgbà rẹ̀ wà lókè wa lọ́hùn-ún ń pa ẹja ní tirẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó jẹ kuskus wa, ó lọ. Mo tún lọ bá àwọn tó ń bójú tó ojú omi. Wọ́n ní orúkọ mi ló wà lórí tèmi, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní mo mọ̀. Oníṣòwò ẹja ní èmi ni mo ń dàgbà, kí n tà á. Mo ní kó lọ ta ìyá tirẹ̀.

Ohun tó o béèrè: ọ̀wẹ̀ ni nígbà ayé bàbá mi. Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti rọlẹ̀, gbogbo ọkùnrin á gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọn á kóra jọ, wọn á kọ́ ọgbà fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti opó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́. Wọ́n ní òkun tó bá rí ọgbà opó kò ní ṣahun. Lójú ayé tèmi, Ìyá Tahar ni opó náà. Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ojú omi rẹ̀ sì di ti obìnrin náà. Àwa la máa ń kọ́ ọ fún un kí tiwa tó kàn. Báyìí kálukú ń ṣe tirẹ̀. Ìyá Tahar ti lọ sí Sfax. Tahar ọmọ rẹ̀ ló ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ti tó ọdún méjì.

Ṣé ìyẹn náà kan ẹja?

Khemaies


Montreal
17 Ṣẹẹrẹ, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú òjò. Mo ka lẹ́tà yín sókè fún ọ̀rẹ́ mi ọmọ Kẹ́ńyà náà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi oníṣòwò ẹja, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Ẹ ṣe gan-an tẹ́ ẹ dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan dá mi dúró. Ẹ ní ọdún méjì ni ẹja ò ti wọlé, ẹ tún ní ọdún méjì ni Ìyá Tahar ti lọ. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo lọ bá olùkọ́ mi àtijọ́, ti ẹ̀kọ́ ẹja, torí mi ò bá a jà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni ẹja ṣe ń rìn bí omi bá ń fà. Ó ní ẹja tí òun mọ̀ kì í fẹ́ la odi kọjá, ẹ̀gbẹ́ odi ló máa ń tẹ̀ lé títí dé ibi tí odi bá parí sí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé kan kẹ́ ẹ ya ojú omi Kraten fún mi, bó ṣe rí kí n tó kúrò nílé àti bó ṣe rí báyìí. Ọgbà ta ni ó wà níbo, ibo ni apá rẹ̀ nà sí, ibo ni omi ń gbà bó bá ń fà. Ẹ má fi ṣe ọgbọ́n orí, ẹ ya á sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá mi bi Màmá ohun tí àwọn obìnrin ń sọ.

Ọmọ yín, Najet


Kraten
22 Èrèlé, 2004

Najet ọmọ mi,

A pa àgbò iléyá, a fi ìpín tìrẹ tọrẹ.

Mo ya á. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo ya á sí. Ìyá rẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bàbá arúgbó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ya tiwa, mo ya ti Hamadi, mo ya ọ̀nà omi. Mo wá ya ti Ìyá Tahar. Bí mo ṣe fa apá ọgbà rẹ̀ gùn láti etí ilẹ̀ títí dé ọ̀nà omi, ọwọ́ mi dúró lórí ìwé.

Ẹnu ọgbà wa gan-an ni apá rẹ̀ parí sí.

Ọmọ mi, àti ọmọdé ni mo ti ń wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀. A rò pé àánú la fi ń kọ́ ọgbà fún opó. Apá ọgbà rẹ̀ ló ń da ẹja sọ́dọ̀ wa. Ní báyìí tí kò sí níbẹ̀, bí omi bá ti fà, ẹja á gba ọ̀nà omi lọ tààrà síbi jíjìn, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun á sì gbá wọn lọ. Hamadi ò mọ nǹkan kan lára, torí òkè ló wà. Mo dìde, mo jó díẹ̀ nínú yàrá. Ìyá rẹ ní kí n rọra, kí n má ṣubú.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Ojú omi tó ti ṣófo fún ọdún méjì, ta ló ni ín? Tí ooru bá ti lọ, èmi fúnra mi ni màá ri imọ̀ tèmi síbẹ̀. Tahar tó mú ìyá rẹ̀ lọ, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn, Khemaies


Montreal
15 Ẹrẹ́nà, 2004

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti lẹ àwòrán yín mọ́ ògiri yàrá mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi mí pé ta ló ya á, màá ní bàbá mi ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ wọ bàálù wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ri imọ̀ kankan síbẹ̀. Ojú omi náà kò ṣófo, oní-nǹkan ò sí nílé ni. Bẹ́ ẹ bá gbà á, Tahar á pè yín lẹ́jọ́, á sì jàre. Bó bá tiẹ̀ dákẹ́, ta ni yóò bá yín kọ́ ọ? Apá gígùn bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ò lè dá a kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀wẹ̀ fi wà.

Ohun kejì le fún mi láti kọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹ̀kọ́ wa náà, bí a bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹnìkan, a gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkejì. Nítorí náà mo kọ̀wé sí Ìyá Tahar ní Sfax ní oṣù tó kọjá, mo bi í ìdí tó fi kúrò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ èsì. Kò gùn. Ó ní: "Kì í ṣe Tahar ló pè mí. Èmi ni mo bẹ Tahar pé kó gbà mí. Bi bàbá rẹ ní ohun tó sọ sí mi létí òkun lọ́dún tó o rìnrìn àjò."

Bàbá, kí lẹ sọ sí i?

Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Najet


Montreal
24 Èbìbì, 2004

Bàbá mi,

Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń wojú àpótí lẹ́tà. Mo pe ilé, Màmá ní ara yín le, ẹ kàn ń jókòó létí omi ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi, ó ní, "Bàbá rẹ ni kó o bi."

Ìwé ilé ìwé ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i kí Òkúdù tó parí, màá padà sídìí ẹja tàbí kí n wálé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìwé yẹn ni mo ṣe kọ èyí. Mò ń bẹ̀rù pé mo ti fi ìbéèrè ba nǹkan jẹ́ láàrin èmi àti ẹ̀yin. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dáhùn rẹ̀, ẹ ṣáà kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ pé òjò rọ̀. Yóò tó mi.

Ọmọ yín, Najet


Kraten
12 Òkúdù, 2004

Najet ọmọ mi,

Mo kí ẹ. Òjò ò rọ̀.

Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa fi bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún mẹ́ta.

Lọ́dún tó o lọ, ọ̀sẹ̀ kejì tí bàálù gbé ẹ, a jáde fún ọ̀wẹ̀. Ìwọ lo máa ń to imọ̀ sínú ọkọ̀ fún mi láti ìgbà tó o ti lè gbé e. Lọ́jọ́ náà èmi nìkan ni mo tò ó. Mo ń tò ó, inú mi ń bàjẹ́, mo ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbé ẹ lọ. Ìyá Tahar wá kí wa bó ṣe máa ń kí wa, ó gbé búrẹ́dì dání. Ó ní, "Khemaies, ṣé a ti ń bẹ̀rẹ̀?" Mo dá a lóhùn níwájú ọkùnrin méje. Mo ní ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ́ ọgbà fún ẹni tí kò lọ́kọ. Mo ní obìnrin tí òkun ti gba ọkọ rẹ̀, kí ló tún ń wá nínú òkun?

Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó yí padà, ó lọ. Ọjọ́ náà ni ọ̀wẹ̀ tú. Ojú ti àwọn yòókù láti jọ kọ́ tiwọn lẹ́yìn tí a ti lé ẹni tí tirẹ̀ máa ń ṣáájú, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, mo mọ̀ ọ́n, mo sì jẹ́ kó bọ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo bínú sí ẹ gan-an. Mo ní ṣé torí kó o lè máa bi bàbá rẹ léèrè ni mo ṣe rán ẹ lọ sókè òkun. Mo fẹ́ ya ìwé ilé ìwé yẹn. Mo gbé e dání lọ sétí omi lójoojúmọ́, mi ò ya á. Ẹni tó ń wọn ooru omi ò lè bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Àwọn tó ń bójú tó ojú omi náà ò lè bi mí. Èmi fúnra mi ni mo ya àwòrán, mo rí ibi tí ẹja gbà lọ, mi ò sì fẹ́ rí ẹni tó ṣí ọ̀nà fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sfax. Ìyá Tahar ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní kí n wọlé. Ó fún mi ní kọfí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Níbo lo ti bú mi?" Mo ní létí òkun ni. Ó ní, "Níwájú ta ni?" Mo ka orúkọ àwọn méjèèje. Ó ní, "Kí lo wá ń bẹ̀ mí nínú yàrá fún?"

Nítorí náà ó bá mi padà. Lánàá, mo kó àwọn ọkùnrin jọ, Hamadi àti àwọn yòókù, ẹni kan ti kú, ọmọ rẹ̀ dúró fún un. Mo bẹ Ìyá Tahar níwájú wọn níbi tí mo ti bú u gan-an. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ní kí n tún un sọ sókè, pé etí tòun náà ti ń di. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ooru bá lọ, tirẹ̀ la máa kọ́kọ́ kọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹja á padà wá. Omi ti gbóná lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n ò sì lọ. A máa rí i.

Ìwé ilé ìwé rẹ wà nínú àpòòwé yìí, mo ti fọwọ́ sí i, mo sì ní kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́ kíákíá. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún bàbá láti kọ ìdí tó fi gbà. Mo kọ ọ́ pé: ọmọ mi bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.

Nígbà tá a délé lánàá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, pé gbogbo obìnrin Kraten ló mọ̀, pé wọ́n tiẹ̀ mọ̀ pé ọgbà obìnrin náà ló ń da ẹja sí tiwa. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọdún méjì yìí. Ó ní mi ò bi òun ní tòun.

Bàbá rẹ,
Khemaies